Oúnjẹ Ìbaaka

Ọjọ́ kejì tí ilẹ̀ mì tìtì ní Mòrókò, lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ni Àdìzátù gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ní Ganhi, ní Kùtọnu, ni, ó ń fi aṣọ kọ́ sórí okùn, tí rédíò ìsọ̀ kejì ń sọ ọ́ ní èdè Faransé pé ilé ti wó lu àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ lágbègbè òkè, pé wọn ò tíì mọ iye ẹni tó kú. Ó fi aṣọ sílẹ̀, ó pe Rodiat, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ olóògbé, tó ń ṣiṣẹ́ irun dídì ní Màrákéṣì. Fóònù dún títí, ẹnikẹ́ni ò gbé e. Nígbà tó ṣe, ọmọ náà pè é padà. Ó ní òun wà láàyè, pé orí pápá kan ni òun àti àwọn ará àdúgbò wà, kò sẹ́ni tó fẹ́ wọ inú ilé.

Àdìzátù dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè. Báwo ni ilẹ̀ ṣe ń mì? Ṣé bí ìgbà tí ọkọ̀ àjàgbé bá ń kọjá lẹ́bàá ilé ni, àbí bí ìgbà tí èèyàn bá wà nínú ọkọ̀ ojú omi? Ṣé ó máa ń dún? Rodiat ní ó dún. Ó ní bí ìgbà tí wọ́n bá ń wọ́ àpótí ńlá kọjá nílẹ̀ ni, àmọ́ abẹ́ ẹsẹ̀ ẹni ni wọ́n ti ń wọ́ ọ.

Bí Àdìzátù ṣe rí nìyẹn. Ọmọ Ṣakété ni, opó ni, ó sì ti lé ní àádọ́ta ọdún. Àwọn oníbàárà rẹ̀ mọ̀ pé ẹni tó bá wá ra aṣọ ìyàwó lọ́dọ̀ rẹ̀ yóò kọ́kọ́ sọ ibi tí ìyàwó ti wá, àti ẹni tó yan àwọ̀ náà, àti ìdí tó fi yàn án. Kì í ṣe olófòófó, nítorí kì í gbé ọ̀rọ̀ ẹnì kan dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Nígbà tó di Jímọ̀, Ìmáámù mọ́sáláásí wọn ní Akpakpa rọ àwọn èèyàn pé kí kálukú mú ohun tó bá lè mú wá fún àwọn tí ilé wó lé lórí. Wọ́n ní kí Àdìzátù ṣe kòkáárí rẹ̀, nítorí pé ó ní ọmọ lọ́hùn-ún. Wọ́n fi Ràzáàkì tì í, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Kétu kan tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa bá àwọn oníṣòwò gba ẹrù wọn jáde ní èbúté.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àgbàlá mọ́sáláásí ti kún. Aṣọ ló pọ̀ jù: bùbá, ṣòkòtò, aṣọ ọmọdé, bàtà gogoro tí ẹnì kan tiẹ̀ kó wá. Gàrí wà, ìrẹsì wà, ọṣẹ wà. Àwọn tí kò kó ẹrù wá fi owó sílẹ̀. Inú gbogbo èèyàn ń dùn. Ràzáàkì nìkan ló ń wo ẹrù náà tó ń họrí. Ó ṣàlàyé fún Àdìzátù pé kí kọ̀ntínà tó kúrò ní Kùtọnu, kó dé Kasabiláńkà, kí àwọn aṣọ́bodè ibẹ̀ tó tú u wò, òtútù á ti mú àwọn èèyàn náà tán. Ó ní bó bá sì débẹ̀ tán, òun ò mọ ẹni tó máa gbé e dé orí òkè.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú Àdìzátù lọ́kàn. Báwo ni ẹrù ṣe ń dé orí òkè? Ó bi Ràzáàkì, Ràzáàkì ò mọ̀. Ó bi Ìmáámù, òun náà ò mọ̀. Ó wá ránṣẹ́ sí Rodiat pé bí ọ̀nà bá ṣí, kó bá òun lọ wo ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kó sì máa fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù bó bá ṣe ń lọ.

Rodiat ní aládùúgbò kan tí wọ́n bí sí abúlé orí òkè, Fadma lorúkọ rẹ̀. Obìnrin náà ń wá ọ̀nà láti lọ wo àwọn èèyàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì bá ọkọ̀ tó ń kó omi lọ. Láàárọ̀ yẹn, Àdìzátù kò tajà kankan. Ó jókòó sẹ́yìn tábìlì, ó gbé fóònù sétí, ó ń gbọ́ bí ọ̀nà ṣe rí. Rodiat ní aṣọ wà káàkiri ẹ̀gbẹ́ títì, pé àwọn èèyàn kó o wá láti ìlú, wọ́n dà á sílẹ̀, eruku ti bò ó, kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Àdìzátù rántí aṣọ tó kún àgbàlá mọ́sáláásí. Rodiat tún ní àwọn ti dé ibi tí òkúta já lu ọ̀nà. Ọkọ̀ ò lè lọ mọ́. Àgọ́ àti kúbùsù pọ̀ jọ síbẹ̀, àwọn tí wọ́n kó wọn wá fún sì wà lókè lọ́hùn-ún.

Àdìzátù pè é. Ó ní, "Kí ló kù tó ń gòkè?"

Rodiat ní, "Ìbaaka ni, Tàtá. Àwọn ìbaaka ló ń gbé e."

Àdìzátù ò rí ìbaaka rí. Ó mọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ó mọ ẹṣin, àmọ́ kò mọ ẹran tí àwọn méjèèjì jọ bí. Rodiat yí fóònù rẹ̀ síta, obìnrin náà sì rí ẹranko kan tó ga, tó dá etí gígùn sẹ́yìn, tí wọ́n di àgọ́ mọ́ lẹ́yìn lọ́tùn-ún lósì. Egungun ìhà rẹ̀ yọ. Ó dúró, kò fẹ́ rìn. Ọkùnrin tó ni ín ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fọwọ́ pa á lọ́rùn.

"Kí ló dé tí kò fẹ́ lọ?"

Rodiat bi Fadma, Fadma bi ọkùnrin náà. Ìdáhùn náà pẹ́ kó tó dé. Ọkùnrin náà ní ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìsàlẹ̀ ilé ni àwọn ará òkè máa ń kó koríko gbígbẹ àti ọkà bálì sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹran wọn máa ń sùn. Ilé ti wó lé gbogbo rẹ̀. Àwọn ìbaaka tó ṣẹ́kù ń gòkè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ látàárọ̀, gbogbo èèyàn ló ń mú àgọ́ àti oúnjẹ ọmọ èèyàn wá, ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó mú nǹkan kan wá fún wọn jẹ. Ó ní bí ó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ò rò pé èyí tí wọ́n ń wò yìí á lè dìde.

Àdìzátù fi fóònù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní kí Ràzáàkì bá òun wá Ìmáámù.

Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní mọ́sáláásí kò rọrùn. Àdìzátù ní kí wọ́n fi owó tó wà nílẹ̀ ra ọkà bálì àti koríko ní Màrákéṣì, kí Rodiat àti Fadma kó o lọ. Àlàájì Mùílíù, tó jẹ́ àgbà láàárín wọn, kò fara mọ́ ọn. Ó fi sùúrù sọ ọ́, kò bínú. Ó ní àwọn èèyàn ṣe sàráà nítorí ọmọ èèyàn tó ń sunkún, pé bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹran ló jẹ ẹ́, wọn ò ní gba àwọn gbọ́ mọ́. Ìmáámù ronú títí. Ó ní kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí èèyàn bọ́ ẹranko tó ń sìn wọ́n, àmọ́ ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ èèyàn fún iṣẹ́ kan, ẹni tó fi sílẹ̀ ni kí wọ́n lọ bi kí wọ́n tó fi ṣe òmíràn.

Ni Àdìzátù bá ń ti ilé bọ́ sí ilé. Ọ̀pọ̀ wọn gbà wọ́ọ́rọ́wọ́. Àwọn mìíràn rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó fi ìbaaka náà han àwọn. Ìyá Àṣàbí, ìyá arúgbó tó ń gbé Agblangandan, ni kò gbà. Owó tó fi sílẹ̀ ju ti ẹnikẹ́ni lọ, èyí tó ti ń tọ́jú jọ fún Mẹ́kà kí ẹsẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún ni. Ó ní òun ò fún ẹranko.

Àdìzátù kò bá a jiyàn. Ó jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó pe Rodiat, ó sì gbé fóònù síwájú ìyá náà. Lọ́jọ́ yẹn, àwọn èèyàn ń sọ̀kalẹ̀ láti òkè. Wọ́n gbé obìnrin kan sórí ìbaaka, oyún rẹ̀ ti tóbi, ọkùnrin méjì dì í mú lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀gbun wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹranko náà ń wá ibi tó máa fẹsẹ̀ lé kó tó gbé e.

Ìyá Àṣàbí sún mọ́ fóònù. Ó bi wọ́n bí ẹranko náà bá ń ta ni nípàá. Ó bi wọ́n bó ṣe ń mọ̀ pé ilẹ̀ tó fẹ́ tẹ̀ kò ní já. Rodiat ò lè dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwòrán náà kúrò, ìyá náà ń fọwọ́ ra orúnkún rẹ̀.

Ó ní, "Ìwọ mọ ibi tí mo bí Mùíbì sí?"

Àdìzátù ní òun ò mọ̀.

Ó wá sọ ìtàn náà fún un. Abúlé kan lẹ́yìn Pobè ni wọ́n ń gbé nígbà yẹn. Nígbà tí ọmọ mú un, ọkọ rẹ̀ gbé e sẹ́yìn alùpùpù kí wọ́n lọ sí ọsibítù. Láàárín ọ̀nà, bẹntiróòlù tán. Kò sí ilé, kò sí àwọn tó ń ta kpayo, bẹntiróòlù fàyàwọ́, nínú ìgò bí wọ́n ṣe kún ojú ọ̀nà báyìí. Ọkọ rẹ̀ ń ti alùpùpù, òun ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, títí tí kò lè rìn mọ́. Abẹ́ igi ọ̀pẹ ló bímọ sí, ọkọ rẹ̀ ló sì fi aṣọ ọrùn rẹ̀ gba ọmọ náà. Ó ní ohun tó ń dun òun jù lọ́jọ́ náà kì í ṣe ìrora. Alùpùpù náà dára, kò sóhun tó ṣe é, ó kàn dúró gbagidi síbẹ̀ ni.

Ó ní, "Ẹ fún ẹranko náà jẹ."

Wọ́n fi owó náà ránṣẹ́. Rodiat kò mọ nǹkan kan nípa ọkà bálì, Fadma ló mọ èyí tó dáa. Àwọn méjèèjì kó o débi tí ọ̀nà ti já, àwọn ará abúlé sì sọ̀kalẹ̀ wá pín in. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere. Ìbaaka tí Àdìzátù kọ́kọ́ rí kú kí oúnjẹ tó dé. Nígbà tí wọ́n sì gbé àgọ́ dé abúlé kan, wọ́n bá a lófo, àwọn ará ibẹ̀ ti fẹsẹ̀ rìn sọ̀kalẹ̀. Ṣùgbọ́n abúlé Fadma àti àwọn tó yí i ká rí àgọ́ àti kúbùsù gbà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, obìnrin tó wà lórí ìbaaka lọ́jọ́sí sì bí ọmọbìnrin kan ní ọsibítù. Ìyá Àṣàbí ní kí wọ́n bá òun béèrè orúkọ rẹ̀, ó ń pè é nínú àdúrà.

Ó ku ẹrù inú àgbàlá. Ràzáàkì ló dá a lábàá. Odò Ouémé ti kún àkúnya ní ọdún yẹn, omi ti wọ ilé àwọn èèyàn ní Aguégué. Ó bá àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi sọ̀rọ̀. Àmọ́ kí wọ́n tó di ẹrù, Àdìzátù kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ó lọ béèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Gàrí àti ọṣẹ ni wọ́n gbà. Aṣọ ọmọdé náà, wọ́n gbà á. Wọ́n ní àwọn ò gba bàtà gogoro.

Fadma àti Àdìzátù kò gbọ́ èdè ara wọn, àmọ́ wọ́n ti mọ ohùn ara wọn. Lọ́jọ́ kan, Fadma ní kí Rodiat bá òun bi í bóyá òótọ́ ni pé ẹ̀gbẹ́ òkun ni ìlú rẹ̀ wà. Ó ní òun ò rí òkun rí, ìyá òun náà ò rí i rí.

Ọjọ́ Àìkú ni, ìsọ̀ wà ní títì. Àdìzátù gun ọ̀kadà tí wọ́n ń pè ní zémíjàn lọ sétí òkun, ó bọ́ bàtà, ó sì gbé fóònù sókè kí obìnrin náà lè rí ìgbì bó ṣe ń wó. Fadma wò ó títí, ó pe àwọn ọmọ ilé wá wò ó. Lẹ́yìn náà ó sọ nǹkan kan, Rodiat sì túmọ̀ rẹ̀.

"Ó ní ẹ mà sún mọ́ ọn púpọ̀ o, Tàtá. Ó ní ṣé ẹ̀rù kì í bà yín pé ó lè jáde wá?"

Àdìzátù fẹ́ sọ pé rárá. Láti ìgbà tó ti wá sí Kùtọnu ló ti ń gbọ́ ariwo omi yìí, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè rí. Ó wá sọ fún un pé ó ti jáde rí, pé ó ti gbé ilé ọ̀pọ̀ èèyàn lọ lápá ìlà oòrùn ìlú.

Fadma ní níbo ni àwọn èèyàn náà wá lọ.

Àdìzátù ò mọ̀. Ó wò yíká. Apẹja àgbàlagbà kan jókòó nínú òjìji ọkọ̀ rẹ̀, ó ń tún àwọ̀n ṣe. Àdìzátù ní kí wọ́n má tíì pa fóònù. Ó rìn lọ bá ọkùnrin náà, ó kí i ní èdè Gùn, ó jókòó sórí iyanrìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi í.