Ẹ̀dọ̀ Ọmọ Màámi

Ìbéèrè kan náà ni ìyá fi ń pàdé ọmọ rẹ̀ obìnrin lẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́: ṣé àbúrò rẹ ti jẹun? Ọmọ á ní ó ti jẹun, á bọ́ bàtà, á wọlé lọ jókòó.

Àbúrò náà sì ti kú. Ọkọ̀ ló gbá a. Kí wọ́n tó sin ín, wọ́n bẹ ìyá pé kó jẹ́ kí wọ́n gé díẹ̀ lára ẹ̀dọ̀ rẹ̀ fún yàrá ìwádìí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ máa bí sí i nínú ìgò, kí wọ́n lè mọ bí ẹ̀dọ̀ ṣe ń pèsè ẹ́ńsáìmù tó ń fọ́ oògùn sí wẹ́wẹ́ nínú ara. Ìyá gbàdúrà, ó gbà. Ohun tó gbọ́ nínú gbogbo àlàyé wọn ni pé díẹ̀ lára ọmọ òun kò ní wọlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ló wá ń tọ́jú ìgò pẹlẹbẹ náà nínú àpótí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Á da omi oúnjẹ àtijọ́ nù, á bu tuntun sí i. Kò sunkún níbi ìsìnkú, kò sì tíì sunkún títí di báyìí. Gbogbo ara rẹ̀ dà bí ẹsẹ̀ tí ènìyàn jókòó lé títí tí ẹsẹ̀ náà fi kú tipiri.

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ kì í yára bí sí i, ìgbín yá jù ú lọ. Ṣùgbọ́n lójijì ni ìgò náà kún. Ọkùnrin tó ń lo tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó ń sin sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kan tí wọ́n sọ ní Alájẹkì, fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Àǹtí, àbúrò yín ti kọ́ ìwà Alájẹkì o."

Wọ́n wá ẹ́ńsáìmù nínú ìgò náà, wọn kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá, àgbà obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ní kí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì náà wé ẹ̀jẹ̀ olóògbé tó wà nípamọ́. Nígbà tí èsì dé, ó fa ẹ̀gbọ́n jókòó.

"Ọmọ mi, kì í ṣe àbúrò rẹ ló wà níbẹ̀. Alájẹkì ni."

Irú sẹ́ẹ̀lì kan, ìgò omi oúnjẹ kan: òfin àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló sì ń fi kọ́ àwọn tuntun. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ ìsìnkú, ojú rẹ̀ ń wò, kò ríran, ọwọ́ rẹ̀ sì gbé ìgò omi oúnjẹ Alájẹkì lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kán kan tí sẹ́ẹ̀lì Alájẹkì wà nínú rẹ̀ ti tó. Àlejò wọlé, ó jẹ oúnjẹ onílé, ó sì lé onílé jáde. Ọ̀gá kò bá a wí. Ó ní ó yẹ kí òun ti dá a padà sílé lọ́sẹ̀ náà.

Ẹ̀gbọ́n da bílíìsì sínú ìgò, kí sẹ́ẹ̀lì náà lè kú. Àwọ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ ṣá. Ó fọ ọwọ́, ó lọ sílé.

Ìyá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Ìbéèrè dé. Ìdáhùn àtẹ̀yìnwá wà lẹ́nu ọmọ, kò ní ná an ní nǹkan kan láti sọ ọ́, inú ìyá yóò sì dùn. Ṣùgbọ́n bí irọ́ bá pẹ́ nílé, yóò bímọ.

"Màámi, kò sí níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mi ló ṣe é."

Ìyá di ilẹ̀kùn mú. Ó na ọwọ́, ó fọwọ́ kan eegun ọrùn ọmọ rẹ̀, níbi tí aṣọ ti tóbi jù fún un.

"Ìwọ ńkọ́? Kí lo jẹ lónìí?"

Ọmọ rò ó. Kò rántí.

Ìyá fà á wọlé, ó bu oúnjẹ, ó gbàdúrà lé e lórí, orúkọ ọmọ tó wà níwájú rẹ̀ nìkan ló sì dá. Ọmọ fi ṣíbí bù ú sẹ́nu. Ó gbóná, ó jó o láhọ́n, ó sì mọ̀ ọ́n lára.