Kọ́kọ́rọ́ Ẹnu Táńkì

Sátidé tí gbogbo ọkùnrin abúlé ń gé yìnyín tí wọ́n máa ń yọ́ mu lórí adágún ni Gafril ti la ẹnu rẹ̀ gbàgà, tó ní ọkọ ọmọ òun ń jí epo mọ́tò òun fà. Ẹ gbọ́ ná! Àna ẹni, lójú agbo!

"Dulustan! Táńkì tó ń gbé mi lọ ìlú bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí òtútù tó dé, kò gbé mi lọ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan mọ́. Ìwọ nìkan ni mò ń yá mọ́tò. Àbí èmi ni mò ń mu epo ni?"

"Rárá o, Bàbá," ni Mitirei ẹlẹ́nu-múmú bá dáhùn, "ọtí la mọ̀ mọ́ yín!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Dulustan dorí kodò, ó ń fa ayùn rẹ̀ lọ. Ni Gafril bá lọ ra ìdérí táńkì oníkọ́kọ́rọ́, ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọrùn, ó sì ń gbé e kiri kí gbogbo ayé lè rí i.

Bẹ́ẹ̀ ogójì ọdún ni ọkùnrin yìí fi tún mọ́tò oko ìjọba ṣe o! Ó ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fẹ́ táyà, ó ti gbóòórùn epo wò. Atẹ́gùn gbígbóná tí ń fẹ́ nínú mọ́tò ò tiẹ̀ gbóná dé orúnkún rẹ̀ mọ́. Ó ní ọjọ́ ogbó ni.

Lọ́jọ́bọ̀, Agrafena ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ ẹja síwájú rẹ̀.

"Bàbá Sayina, táńkì ti wà ní títì láti Sátidé, epo ṣì ń tán. Ta ló ń jí i báyìí? Èmi?"

"Jẹ́ n jẹun."

"Ẹ máa jẹ ẹ́. Sayina pè mí. Wọ́n ti ń di ẹrù. Wọ́n ń lọ sí ìlú àwọn awakùsà lọ́jọ́ Ajé. Ó ní ọkọ òun ò lè gbójú sókè lábúlé yìí mọ́."

Gafril gbé àwo ọbẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn. Gafril wọ bàtà, ó bọ́ sí gáréèjì, ó tan mọ́tò, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Aṣọ onírun kan tó nípọn ló kọ́kọ́ rí níwájú rédíétọ̀, tí wọ́n rán etí rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kí òtútù má bàa wọlé. Òun kọ́ ló fi í síbẹ̀. Ó mọ ẹni tó ń ránṣọ báyẹn. Ó wá fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Mọ́tò tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan! Họ́ọ̀sì tó yẹ kó tutù títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná ti ń lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Omi ń lọ tutù nínú rédíétọ̀, ẹ́ńjìnnì ò ráyè gbóná, ó sì ń mu epo kíkankíkan.

"Tẹmọsítáàtì tó ń dá omi dúró dà?"

Yéè! Ó rántí. Oṣù Keje, lásìkò tí wọ́n ń gé koríko ẹṣin, mọ́tò ń hó nínú ẹrẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló yọ ọ́ pé bí òtútù bá dé òun á dá a padà. Ó lọ ṣí agolo ìwọ̀ ẹja rẹ̀. Ibẹ̀ ló wà.

Ojú tì í, ó ṣe é bíi kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó rò ó pé bí òun bá dá a padà ní jẹ́jẹ́, tí òun ní epo ayédèrú ni wọ́n ń tà, ta ló máa mọ̀? Ó dá a padà. Ó wa mọ́tò lọ sílé Dulustan, orúnkún rẹ̀ sì gbóná ní gbogbo ọ̀nà.

Àpótí ti kún ilé. Dulustan dìde fún un.

"Ẹ káàbọ̀, Bàbá. Ẹ jókòó."

"Tẹmọsítáàtì," ni Gafril wí. "Èmi ni mo yọ ọ́. Mo gbàgbé ni."

"Mo mọ̀, Bàbá."

"O mọ kí ni?"

"Ọjọ́ tí òtútù dé ni mo ti fọwọ́ kan họ́ọ̀sì. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Mo ti ní kí wọ́n bá mi ra tuntun bọ̀ láti ìlú, kí n fi sí i láìjẹ́ kẹ́nì kan mọ̀. Mo wá fi aṣọ dí i ná."

"Kí ló dé tó ò sọ̀rọ̀ lórí adágún?"

"Lójú Mitirei? Kó máa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ títí láé?"

Gafril dìde, ó lọ.

Ní Sátidé kejì, Dulustan wá sí adágún láti dágbére. Gafril dúró láàárín gbogbo wọn, ó ṣí fìlà onírun rẹ̀ nínú òtútù tí ẹnikẹ́ni kì í ṣí fìlà.

"Ẹ gbọ́ o! Ọmọ yìí ò jí nǹkan kan. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba mọ́tò mi jẹ́, tí mo wá pe ọmọlúàbí lólè." Ó já kọ́kọ́rọ́ ọrùn rẹ̀, ó jù ú sínú ihò yìnyín. "Dulustan, jọ̀ọ́. Má bínú."

Mitirei la ẹnu, ó tún pa á dé. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Dulustan gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dé e fún un, ó fà á bo etí rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ ti ṣe báyìí ju kọ́kọ́rọ́ sómi. Báwo la ó ṣe máa bu epo?"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín tó bú. Gafril nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, omijé ń dì lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Dulustan na èèkù kan lára ayùn ẹlẹ́ni méjì sí i.

"Ẹ di ẹ̀gbẹ́ kejì mú, Bàbá. Yìnyín tí gbogbo wa máa mu títí òtútù á fi lọ ò tíì tó."