Etí Mẹ́ta Lórí Wáyà

"Ta ló gé mẹ́ta yìí?" ni ìyàwó bi ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, níbi tí ọkùnrin náà jókòó sí tó ń sín etí àgùntàn sórí wáyà.

"Èmi ni. Inú ẹrẹ̀ ni wọ́n kú sí, o ò rí wọn lọ́jọ́ náà ni."

Ìyàwó tẹjú mọ́ etí náà. Omíyalé tó ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ti pa àgùntàn wọn mọ́kànlá. Òun fúnra rẹ̀ ló fi abẹ gé etí òsì wọn kí wọ́n tó sin wọ́n, nítorí ìjọba ní ẹni tí kò bá kó etí wá kò ní rí owó ìrànwọ́ gbà. Etí òkú ẹran kì í ṣẹ̀jẹ̀, ojú ibi tí abẹ gbà máa ń funfun ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ ojú mẹ́ta yìí.

Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ rẹ̀ tó máa ń fọwọ́ bo imú bó bá dé ọ̀dọ̀ ẹran ti sọ ara rẹ̀ di darandaran ọ̀sán gangan. Ó ra àgádágodo tuntun sẹ́nu ọgbà, ó ní dókítà ẹran ní àrùn wà níbẹ̀. Dókítà wo? Obìnrin náà tiẹ̀ ti kọ́kọ́ rò pé ọkùnrin yìí ti fẹ́ ẹlòmíì síta, ó sì ti ń ṣọ́ fóònù rẹ̀. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gbabẹ̀.

"Bàbá wa, mo fẹ́ wọ inú ọgbà lọ wo àwọn tó kù."

"Kí o lọ kó àrùn? Bí akọ̀wé ìjọba bá dé, tẹ̀ka bí ẹlẹ́rìí, kí o sinmi. Ìjọba tí kò gbẹ́ ojú àgbàrá fún wa, ta ló ja ta lólè?"

Kò wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun obìnrin náà jù. Bí àṣírí bá tú, mọ́kànlá tó kú lóòótọ́ á bá mẹ́ta wọ̀nyí lọ, wọn ò sì ní rí nǹkan kan fi tún agbo ẹran bẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án, akọ̀wé ìjọba gun alùpùpù dé. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ka etí náà wéréwéré.

"Mẹ́rìnlá. Ṣé ẹ̀yin lẹ gé wọn, mà? Ẹ tẹ̀ka síbí."

Ọkọ ti sún yíǹkì ìtẹ̀ka sọ́dọ̀ ìyàwó. Obìnrin náà tú wáyà, ó yọ mẹ́ta tí ẹ̀jẹ̀ gbẹ mọ́, ó sì ti ìyókù síwájú akọ̀wé.

"Mọ́kànlá ni tiwa, sà. Àwọn tó ni mẹ́ta yìí ṣì ń jẹko."

Akọ̀wé wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Mà, bí mo bá kọ èyí bó ṣe rí, wọ́n lè yọ orúkọ yín kúrò pátápátá."

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí."

Ó kọ̀wé pẹ́, kò sì sọ ohun tó kọ fún wọn. Obìnrin náà tẹ̀ka.

Nígbà tí alùpùpù lọ tán, ọkọ ò dìde. "Ṣé o mọ ohun tí o ṣe fún wa?"

"Mo mọ̀ ọ́n." Ó ti ń po iyọ̀ mọ́ omi gbígbóná nínú abọ́. "Ẹ dìde, ẹ wá bá mi di àwọn ẹran yẹn mú. Egbò wọn á ti máa kẹ̀."