Epo Inú Kẹ́ẹ̀gì Bàbá Tádé

Fàósátù kì í dákẹ́. Bó bá ń fọ abọ́, orin ni. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn basement ọmọ rẹ̀ ní Abbeydale, ní Calgary ilẹ̀ Kánádà, tí orúnkún ń dùn ún, orin náà ni. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Sátidé tí à ń wí yìí, orin ẹnu rẹ̀ kì í ṣe ti ìdùnnú. Tirakítọ̀ ló ń bẹ̀.

"Katakata ọkọ mi, dìde o,
Snow ti yọ́, ilẹ̀ ti rọ̀,
Mo ti rẹ àgbàdo sómi nílé,
Dìde, má dójú tì mí."

Katakata ò dìde. Ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan bí arúgbó tí ata pá lórí, ó tú èéfín díẹ̀, ó sì dákẹ́.

Inú ahéré pákó Caroline ni wọ́n wà. Caroline ni ìyá òyìnbó tí ilẹ̀ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ilé Abbeydale parí sí. Bàbá tó bí i ló ni tirakítọ̀ náà tẹ́lẹ̀, kó tó tà á fún Adégbóyèga, ọkọ Fàósátù. Irin àtijọ́ ni, ó dàgbà ju Fàósátù fúnra rẹ̀ lọ. Kò ní bátìrì, kò ní kọ́kọ́rọ́. Irin gígùn kan ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ níwájú, tí wọ́n á fi gbogbo agbára yí i. Òun ni Adégbóyèga fi ń kọ ilẹ̀ etí oko Caroline, tí wọ́n ń gbin àgbàdo àti ẹ̀fọ́ sí.

Adégbóyèga kú nígbà tí snow nípọn jù. Ilẹ̀ òkú ò tíì gbẹ tí Tádé ọmọ wọn fi ní òun máa ta tirakítọ̀. Orúkọ Tádé ló wà lórí ìwé rẹ̀, kí ni ìyá máa wí? Fàósátù bẹ̀ ẹ́ títí wọ́n fi ṣe àdéhùn.

"Màmá, bó bá start kí ọkùnrin onítirélà tó ń ra scrap tó dé ní Saturday, ẹ máa lò ó. Bí ò bá start, scrap ni. Deal?"

"Ṣé o ò ní yẹ̀ é?"

"I promise, Màmá."

Ìdí rèé tí ìyá arúgbó méjì fi ń làágùn nínú òtútù. Wọ́n tú pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, wọ́n gbé e lé irin, Caroline yí ẹ́ńjìnì: iná bú yẹ̀ẹ̀, ó tún jẹ́ búlúù. Iná wà. Wọ́n yẹ ibi tó ń gbà mí wò: eku ti kọ́lé síbẹ̀! Fàósátù fi ọwọ́ kó koríko eku jáde, ó ń bú wọn bí ẹni ń bú ayálégbé tí ò sanwó. Wọ́n tún yí i. Ó tún húkọ́.

"Ó ku epo," ni Caroline wí. Ó ṣí ojú ẹ̀rọ lábẹ́ tánkì, ó gba díẹ̀ sínú ife, ó gbé e símú. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. "Mama, bí ọ̀dà ni èyí ń rùn. Ìgbà wo lẹ ra epo yìí?"

Fàósátù wo àwọn kẹ́ẹ̀gì tó tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Háà, Adégbóyèga! Ọkùnrin tó ti sùn sórí ìlà epo nílé, tí kò ní rí epo kó kọjá lọ láìrà á. Bó ti dé Calgary náà, kò yí padà. Tádé á ní, "Daddy, kò sí scarcity níbí." Yóò ní, "Kò tíì sí ni. Nígbà tí epo bá wà là á rà á." Ó á ra epo, á fi ọ̀rá dí ẹnu kẹ́ẹ̀gì kó tó dé e, bí wọ́n ti ń ṣe nílé. Ọ̀rá náà ṣì wà lẹ́nu wọn. Ọwọ́ òkú ló so ó.

"Epo ọkọ mi ò lè bàjẹ́," ni Fàósátù dáhùn. "Òun ló rà á. Epo rẹ̀ ni mo fẹ́ kí Katakata jẹ."

"Epo tó bá lo winter kan máa ń bàjẹ́, Mama. Á di gọ́ọ̀mù, á dí ihò káburétọ̀, tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnì."

Fàósátù fọwọ́ kan ọ̀rá ẹnu kẹ́ẹ̀gì kan. Nílé, epo wo ló ń pẹ́ débi tí yóò bàjẹ́? O ò tíì gbé e sílẹ̀ tán, aládùúgbò á ti gbé rọ́bà dé, á ní kẹ́ ẹ ṣàánú òun. Ta ló mọ̀ pé epo ń darúgbó?

Ó fọwọ́ ara rẹ̀ da epo náà jáde kúrò nínú tánkì. Kò kọrin. Caroline lọ gbé epo tuntun wá. Fàósátù yọ píìnì ìborùn rẹ̀, ó fi tú ihò káburétọ̀ títí ó fi mọ́. Wọ́n bu epo sí i. Caroline yí i lẹ́ẹ̀kan.

Gbù-gbù-gbù-gbù! Ahéré ń gbọ̀n, eruku ń bọ́. Fàósátù gbàgbé orúnkún, ijó dé!

"Ó dìde o, ẹ wá wò ó,
Òkú ọkọ mi ò ní jẹ́ kójú tì mí!"

Àárín ijó ni Tádé bá a, ọkùnrin onítirélà wà lẹ́yìn rẹ̀. "Wow, Màmá!" Inú rẹ̀ dùn. Ó yà sí kọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọkùnrin náà, wọ́n sọ̀rọ̀. Nígbà tó padà, bàtà rẹ̀ ló ń wò.

"Màmá, he says kì í ṣe scrap mọ́. Ẹnìkan wà tó ń kó old tractors jọ. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, owó gidi ni."

"Àdéhùn wa ńkọ́?"

"Màmá, be realistic. Orúnkún yín ńkọ́? It's a tractor. It's not Daddy."

"Mi ò pè é ní Daddy. Ìwọ lo pe ara ẹ lọ́mọ tó ṣèlérí."

"I know, ṣùgbọ́n..."

"Gbé ṣùgbọ́n ẹ lọ sínú mọ́tò, kí n dágbére fún un."

Tádé lọ. Fàósátù gbé ọ̀kan nínú àwọn kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó tú ọ̀rá ẹnu rẹ̀, ó sì da epo ọkọ rẹ̀ sínú tánkì títí ó fi kún dẹ́mú. Caroline wò ó, ó yíjú sí ògiri.

"Ọ̀nà rẹ̀ jìn," ni Fàósátù wí. "Kó gbé oúnjẹ ilé dání."

Ẹ́ńjìnì tó ti gbóná ò kọ nǹkan kan. Ó gun tirélà lọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí Tádé fi sáré sọ̀kalẹ̀ wá sí basement. "Màmá, àwọn tó ra tirakítọ̀ ní kò start mọ́ o! Wọ́n ti pààrọ̀ plug, wọ́n ti ṣe everything. Kí lẹ ṣe sí i?"

"Ṣé wọ́n kọrin fún un?"

"Màmá, please now! Ẹ bá mi wá nǹkan sọ fún wọn."

"Sọ fún wọn pé wọn ò kọrin fún un."

Tádé mí kanlẹ̀, ó gòkè lọ. Fàósátù ṣí abọ́ àgbàdo tó rẹ sómi ní àárọ̀ Sátidé. Wọ́n ti ń hù, funfun-funfun bí eyín ọmọ ọwọ́, kò sì sí ilẹ̀ tí a kọ dè wọ́n. Ó ṣàn wọ́n, ó dà wọ́n sí ìkòkò, ó gbé e kaná.

Nígbà oúnjẹ, Tádé bu ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́.

"Màmá, àgbàdo yìí korò díẹ̀."

"Mo mọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí. "Jẹ ẹ́."