Ahéré Tí Wọ́n Yá Létí Òkun

Ọdún mẹ́fà gbáko ni Fọlákẹ́ fi ń wọn omi fún ọkọ rẹ̀ bí ẹni ń wọn oògùn. Kídìnrín Adésànmí méjèèjì ló daṣẹ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, lọ́jọ́rú àti lọ́jọ́ Ẹtì, yóò lọ sí ilé ìwòsàn ní Padova, nílẹ̀ Italy, wọn á so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin. Bó bá padà dé, á rọ̀ jọwọrọ bí ewé tí oòrùn pa. Àwọn dókítà sì ti kìlọ̀ pé omi tó bá mu kò ní ibi tí yóò gbà jáde mọ́, nítorí náà, ìwọ̀nba ife mélòó kan ni kó máa mu lójúmọ́, tòun ti tíì àti omi ọbẹ̀. Ife kékeré tí wọ́n fi ń mu caffè ni Fọlákẹ́ fi ń wọ̀n ọ́n. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí Padova bá gbóná bí inú ààrò, ọkùnrin tó ga tó ilẹ̀kùn yìí á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, á fi ègé yìnyín kan sẹ́nu, á máa wo ife náà. Kò bínú sí ìyàwó rẹ̀ rí. Èyí gan-an ló ń dun Fọlákẹ́ jù.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì, Fọlákẹ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ládùúgbò Arcella, níbi tó ti ń ta gàrí, èlùbọ́ àti panla. Ẹ̀wà ló ń wọ̀n fún oníbàárà kan nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Ilé ìwòsàn ló ń pè.

"Signora, ẹ máa bọ̀ báyìí. A ti rí kídìnrín kan."

Ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dà sílẹ̀ yàlà. Kò dúró ṣà á. Oníbàárà yẹn ló bá a ti ilẹ̀kùn, tó sáré fún un ní kọ́kọ́rọ́ lójú títì.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. Nígbà tí ara Adésànmí balẹ̀ díẹ̀, dókítà jókòó tì wọ́n, ó ní kò gbọdọ̀ fi oògùn sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, kó sì máa sá fún oòrùn, torí oògùn náà máa ń jẹ́ kí oòrùn tètè ba awọ ara jẹ́. Adésànmí gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó wá béèrè ẹni tó fún òun ní kídìnrín náà.

"Òfin ò gbà wá láyè láti sọ," ni dókítà wí. "Ẹni tó ti kú ni. Àwọn ẹbí rẹ̀ ló gbà pé ká mú un."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn?"

"Ẹ máa tọ́jú ẹ̀ dáadáa. Ọpẹ́ nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ yìí há Adésànmí lọ́fun bí eegun ẹja. Wọ́n dé ilé, ó ń sọ ọ́, wọ́n jẹun tán, ó ń sọ ọ́. "Fọlákẹ́, bí ẹnì kan bá fún ọ ní iṣu kan lánàá, ṣé o ò ní yà kí i láàárọ̀ yìí? Ẹni tá a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Mo ti wá di ọlọ́ṣà." Fọlákẹ́ á ní Ọlọ́run mọ ilé wọn, kó fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ó ń fi lé e lọ́wọ́, àmọ́ ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀.

Ó lé díẹ̀ ní ọdún kan lẹ́yìn náà ni Tíolúwaní, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wọ ọkọ̀ ojú irin wá láti Sesto San Giovanni lọ́jọ́ Àìkú kan. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ríṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Milano. Yorùbá tí wọ́n bá bá a sọ, gbogbo rẹ̀ ló ń gbọ́, ṣùgbọ́n Italian ló fi ń dáhùn láti kékeré.

"Ho prenotato," ló wí, ó sì gbé fóònù rẹ̀ síwájú wọn.

Ọkọ̀ òkun ńlá ni ó ti gba àyè sí fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, láti Marghera, fún ọjọ́ márùn-ún. Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ á dúró sí erékùṣù kékeré kan tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà fúnra wọn, tí ẹnikẹ́ni kì í dé àfi èrò ọkọ̀ wọn.

"Oòrùn ńkọ́?" Fọlákẹ́ ti dìde. "O ò gbọ́ ohun tí dókítà sọ ni? Ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí o!"

"Mamma, calma. Ho preso una cabana."

Ọmọ náà ní kó fara balẹ̀, ó fi àwòrán cabana tó ti yá hàn án. Ilé onípákó kékeré kan létí òkun ni, ó ní òrùlé, ó ní aṣọ títa lẹ́gbẹ̀ẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, afẹ́fẹ́ ń gba iwájú wọlé. Fọlákẹ́ wò ó títí, ó wá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Ahéré ni. Ó ti yá ahéré fún yín."

Adésànmí bú sẹ́rìn-ín. "Mo fi oko bàbá mi sílẹ̀ ní Ìsẹ́yìn nítorí mi ò fẹ́ sùn ní ahéré. Ọmọ mi wá ń yá òmíràn fún mi lójú òkun!" Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀. Nígbà tó nu ojú tán, ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. Màá lọ."

Kí àìsàn tó dé, wẹ́dà ni Adésànmí ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ òkun ní Marghera. Ọdún mẹ́tàlá ló fi jó irin pọ̀ fún ọkọ̀ tí àwọn ẹlòmíràn yóò gbádùn, kò sì wọ ìkankan rìnrìn àjò rí. Lọ́jọ́ tí wọ́n wọkọ̀, bí àwọn èrò yòókù ṣe ń ya fọ́tò omi, ògiri lòun ń fọwọ́ pa. Bó bá rí ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, á dúró, á yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Ẹni tó ṣe èyí mọṣẹ́." Tíolúwaní ń tijú. Fọlákẹ́ kò tijú rárá. Ó dì mọ́ apá rẹ̀, ó ń bá a wo irin.

Lọ́jọ́ kẹta, ọkọ̀ kékeré gbé wọn lọ sí erékùṣù náà. Iyanrìn rẹ̀ funfun, omi rẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn ń rí òjìji ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀. Ahéré tiwọn ló ṣìkẹta láti ẹ̀bá igi páìnì. Àga gígùn méjì wà níbẹ̀, tábìlì kan, fáànù tó ń yí lókè, àti fìríìjì kékeré tó kún fún omi inú ìgò. Adésànmí wọ aṣọ alápá gígùn, ó dé fìlà tí etí rẹ̀ fẹ̀ bí atẹ. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀, ó mú ìgò omi kan, ó ṣí i, ó gbé e sẹ́nu.

Ọwọ́ Fọlákẹ́ ti nà jáde kó tó mọ̀. Ọwọ́ náà fẹ́ gba ìgò, bó ti ṣe fún ọdún mẹ́fà. Ó fà á padà. Ọkọ rẹ̀ rí i, ó rọra mu omi náà tán láìgbé ìgò kúrò lẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ó sì na ìgò òfìfo sí i.

"Gbà, màmá olómi. Fún mi ní òmíràn."

Ó fún un ní òmíràn, ó wá yíjú sí òkun kí wọ́n má bàa rí ẹkún tó gbọ̀n ọ́n. Gbogbo ohun tó ní lọ́kàn láti sọ fún Ọlọ́run lọ́jọ́ náà, ẹ ṣé nìkan ló lè sọ nínú rẹ̀. Ẹ ṣé, ẹ ṣé, ẹ ṣé.

Ibi tó kọjú sí yẹn ló ti rí ìyá òyìnbó kan. Á tó ẹni àádọ́rin ọdún. Ó di bàtà rẹ̀ mọ́wọ́, ó ń tẹlẹ̀ bọ̀ lórí iyanrìn gbígbóná, ó ń wá agbòòrùn tó ṣófo. Kò sí ìkankan, àwọn tó tètè dé ti gbà á tán. Ìyá náà dúró, ó fọwọ́ kan iwájú orí, orúnkún rẹ̀ sì yẹ̀. Fọlákẹ́ kò mọ ìgbà tó sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Signora, ẹ dì mí mú. Ẹ máa bọ̀ ní ibòòji."

Òun àti Tíolúwaní gbé e wọlé láàárín ara wọn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí àga, wọ́n fi aṣọ tútù sí i lọ́rùn, wọ́n fún un lómi. Ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là ni òṣìṣẹ́ kan dé, obìnrin tí wọ́n kọ Martina sí láyà aṣọ. Ó wo okùn tí wọ́n dè mọ́ wọn lọ́wọ́. Ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ àwọ̀ ewé, tó wà fún àwọn tó yá cabana, ti ìyá náà jẹ́ funfun. Ó ní òun ò fẹ́ yọ wọ́n lẹ́nu o, ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́ta péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún cabana yìí.

"Ìyá wa ni," ni Adésànmí wí ní Italian, ojú rẹ̀ le koko.

Martina wo ọkùnrin dúdú gìrìwò yìí, ó wo ìyá tó funfun bí òwú. Ó rẹ́rìn-ín, ó lọ, kò sì pẹ́ tó fi padà gbé àga kẹta wá.

Giulia ni ìyá náà ń jẹ́, Torino ló ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ dá ìrìn àjò ọkọ̀ òkun lábàá, kó tó kú lọ́dún tó kọjá. Òun ní òun á dá nìkan lọ. Nígbà tí ara rẹ̀ mókun, tó jẹ ọsàn díẹ̀, ó béèrè ọ̀rọ̀ tó ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

"Ẹ má bínú o. Ẹ wá sétí òkun, ẹ wá wọṣọ bí ẹni pé òjò dídì ń rọ̀?"

Adésànmí sọ fún un. Ó sọ ti ẹ̀rọ, ó sọ ti ife caffè, ó sọ ti kídìnrín àti ẹni tí kò mọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ọwọ́ Giulia ń lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ẹnu rẹ̀. 

"Mo ní ọmọ kan," ni ìyá náà wí nígbà tí Adésànmí parí. "Davide. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Alùpùpù ló gbá ògiri. Ọdún kẹjọ rèé. Dókítà pè wá sínú yàrá kan, wọ́n ní ọpọlọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ṣì ń lù. Wọ́n béèrè bóyá a ó fi ẹ̀yà ara rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Bàbá rẹ̀ kò lè sọ̀rọ̀. Èmi ni mo fọwọ́ sí ìwé."

Fọlákẹ́ ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn, ó rí i pé wọn ò tíì so Adésànmí mọ́ ẹ̀rọ rárá nígbà yẹn. Kì í ṣe ti Davide ló wà nínú ọkọ òun.

"Wọ́n kọ lẹ́tà kan sí wa," ni Giulia ń bá a lọ, "pé ó ran èèyàn mẹ́rin lọ́wọ́. Ó parí síbẹ̀. Bí mo bá wọ tram, màá máa wo ojú àwọn èèyàn. Mo máa ń ní, bóyá eléyìí ni. Ní àwọn ọjọ́ mìíràn, màá bi ara mi pé ṣé mo ṣe dáadáa, àbí ṣe ni mo jẹ́ kí wọ́n gé ọmọ mi lásán."

Adésànmí dìde. Ó ṣí fìlà. Kí Fọlákẹ́ tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó, níwájú ìyá náà.

"Oddio!" Giulia fò sókè. "Ó ti dákú! Ẹ pe dókítà!"

"No, signora, no," Tíolúwaní di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Báyìí ni wọ́n ṣe ń dúpẹ́ lọ́dọ̀ wa."

Fọlákẹ́ náà ti kúnlẹ̀. Ó ti lé lógún ọdún tí Adésànmí ti ń sọ Italian, ṣùgbọ́n èdè náà kò wá sí i lẹ́nu. Yorùbá ló sọ, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. "Màmá, mi ò mọ ìyá ẹni tó fún mi. Wọn ò jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gba ọpẹ́ yìí. Ẹ ò ṣe é lásán. Ẹnì kan wà níbì kan tó ń mu omi nítorí yín. Ìyàwó ẹnì kan kì í ṣe opó nítorí yín. Ẹ ṣeun, màmá. Ẹ kú oore."

Tíolúwaní ló ń túmọ̀ rẹ̀. Kò fo ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tó dé ibi tí bàbá rẹ̀ ti mẹ́nu ba opó, ohùn rẹ̀ já, ó sì tún un sọ. Fọlákẹ́ kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Yorùbá ọmọ òun jinlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Giulia bẹ̀rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí Adésànmí mú, ó ń sunkún, ó ń ní "grazie, grazie", títí Fọlákẹ́ fi ń rò ó pé ta ló wá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ta. Wọ́n gbé ara wọn dìde. Wọ́n nu ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyá náà béèrè bí ọmọdé:

"Lọ́jọ́ tí kídìnrín náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ni ohun tí ẹ kọ́kọ́ ṣe?"

Adésànmí wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀, ó yún orí. "Signora, kí ẹ má bínú. Mo tọ̀. Mi ò tọ̀ fún ọdún mẹ́fà. Nọ́ọ̀sì gbé ìtọ̀ náà sókè bí ẹni gba ife ẹ̀yẹ, gbogbo yàrá pàtẹ́wọ́."

Giulia wò ó. Ẹ̀rín kékeré kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ó di ẹ̀rín ńlá, ó ń lu itan, àwọn ará ahéré kejì ń yọjú wò wọ́n.

Ó bá wọn jókòó títí ọkọ̀ kékeré fi wá kó èrò ní ìrọ̀lẹ́. Ní alẹ́ méjì tó kù, tábìlì wọn ló ti ń jẹun. Kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ ní Marghera, ó kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀ fún Fọlákẹ́, ó ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ lòun á máa pè. Ó sì ń pè. Ó ní òun ṣì ń wo ojú èèyàn nínú tram, ṣùgbọ́n òun ti ń kí wọn báyìí.

Nígbà tó di oṣù kọkànlá, lọ́jọ́ tí àwọn ará Italy máa ń lọ kí òkú wọn, Fọlákẹ́ àti Adésànmí wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Torino. Òtútù mú. Giulia ló ṣíwájú wọn wọ ibi ìsìnkú, títí wọ́n fi dé ibi tí fọ́tò Davide wà lára òkúta, Davide ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀, irun rẹ̀ rí yánkayànka. Adésànmí fi òdòdó sílẹ̀. Ó dúró tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, kò yára. Ó sọ pé òun ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ààbọ̀ ọjọ́ lójúmọ́. Ó sọ pé Tíolúwaní ti ní àfẹ́sọ́nà. Ó sọ iye tí dókítà kà nínú ẹ̀jẹ̀ òun lóṣù tó kọjá, pé ó dára. Kò dákẹ́.

Giulia fi apá kọ́ apá Fọlákẹ́. "Kí ló ń sọ fún un?" ó béèrè.

"Ó ń ròyìn ilé fún un ni," ni Fọlákẹ́ dáhùn.

Ìyá náà mi orí, ó fa kọ́ọ̀tù rẹ̀ mọ́ra. "Kó máa sọ ọ́ lọ," ló wí. "Ọkọ̀ yín kò tíì yá."