Ẹni Kọkànlá

Ọgbọ̀n ọdún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n fi wádìí ohun kan ṣoṣo: bí kókó kékeré, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, ṣe lè yọ sínú ọrùn ènìyàn, kí ó máa da oje sínú ẹ̀jẹ̀, kí iṣan itan olúwarẹ̀ sì máa joro títí kò fi ní lè dìde lórí àga mọ́. Ó mọ̀ ọ́n dójú àmì. Tí wọ́n bá tètè gé kókó náà, aláìsàn a fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé. Tí ó bá pẹ́, kíndìnrín a bàjẹ́, egungun a sì máa kán bíi búrẹ́dì gbígbẹ. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ àìsàn yìí tí wọn kì í ti í dárúkọ rẹ̀, ó sì fẹ́ràn bẹ́ẹ̀ gan-an, kí n má purọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyàwó rẹ̀ ṣubú nílé ìdáná. Kò yọ̀, kò kọsẹ̀. Ó kàn fẹ́ dìde lórí àpótí ni, egungun ìbàdí rẹ̀ kán. Dókítà eegun yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, ó pe Ọ̀jọ̀gbọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ojú sì ń tì í.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, kókó tiyín yìí náà ni. Ó ti pẹ́ lára wọn gan-an. Kíndìnrín méjèèjì ti lọ. Ká tiẹ̀ gé e báyìí, iṣan yẹn ò lè padà mọ́."

Orí Ọ̀jọ̀gbọ́n wú. Ọdún mélòó ni obìnrin yìí ti ń di ògiri mú kó tó gun àtẹ̀gùn ilé? Yẹ̀yẹ́ ni òun máa ń fi í ṣe. Òun a dúró lókè, òun a ní, "Màmá àgbà, ṣé ká wá gbé ọ ni?"

Ìgbà yẹn ni ó rántí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó sọ ọ́ di ènìyàn ńlá, ní ọdún méjìlélógún sẹ́yìn. Ẹni tó bá ń wo iṣan tó ń ṣàìsàn gbọ́dọ̀ rí iṣan tó yá gágá fi wé e. Ó bẹ ogún ènìyàn tára wọn le, ìyàwó rẹ̀ wà nínú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ bu ẹran díẹ̀ nínú itan àwọn. Kí ó má baà ṣe ojúsàájú, nọ́ńbà nìkan ni wọ́n kọ sára ìgò. Orúkọ wà nínú àpò ìwé tí wọ́n lẹ̀ pa. Òfin iṣẹ́ nìyẹn, ó sì dára. Ẹni mọ́kàndínlógún yá gágá. Ti ẹni kọkànlá rí játijàti, ó sì fẹ́ ba àbájáde gbogbo iṣẹ́ náà jẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n ò yọ ara rẹ̀ lẹ́nu láti tú àpò ìwé. Ó fa ìlà pupa lé ẹni kọkànlá lórí, ó ní obìnrin tó ń tọ́jú ìgò ló jẹ́ kí yìnyín tí wọ́n fi ń tọ́jú ẹran náà yọ́. Afínjú ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pe obìnrin náà. Ó lé e lọ sí yàrá ìfọgò, ibẹ̀ ló sì wà títí dòní.

Ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ bá a.

"Níbo ni àpò ìwé ìjọ́sí wà?"

Afínjú kò béèrè èwo. Ó nu ọwọ́, ó yọ ọ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ẹnikẹ́ni ò tíì tú u rí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ya á, ó kà á, ó jókòó sórí páálí ọṣẹ.

"O mọ̀?"

"Èmi ni mo kọ ọ́, sà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá sí ọ́fíìsì yín. Ẹ ní tí mo bá tún la ẹnu nípa ìgò yẹn, kí n kó ẹrù mi. Ọmọ mẹ́rin ló wà lọ́rùn mi."

"O ò wá lè sọ fún ìyàwó mi fúnra rẹ̀?"

"Mo máa ń kí wọn dáadáa tí wọ́n bá wá kí yín. Ọdọọdún ni mò ń rí i bí wọ́n ṣe ń pẹ́ sí i lórí àtẹ̀gùn." Ó mú ìgò mìíràn. "Ẹran wọn ṣì wà nínú fíríìsà o. Mi ò jẹ́ kó yọ́ rí."

Ọ̀jọ̀gbọ́n sunkún nínú mọ́tò, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Ó sunkún fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí omijé tó gbẹ ni èrò kan ti yọjú: kò sí ẹni tó ní ẹran itan ẹnì kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ àìsàn yìí àti lẹ́yìn ọdún méjìlélógún láìtọ́jú. Ó kù kí òun bu èkejì. Gbogbo ayé ni yóò kà á. Kò ní ṣe ìyàwó òun ní oore kankan, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ń gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù.

Ó gbé fọ́ọ̀mù ìyọ̀ǹda síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Dádì?"

"A fẹ́ bu díẹ̀ nínú iṣan itan rẹ, ká yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ṣé ó máa jẹ́ kí n rìn?"

"Ó yẹ kó ṣèrànwọ́."

"Ó ti tó ìgbà wo lára mi gan-an?"

"Kò tíì pẹ́."

Ọkàn obìnrin náà balẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọpẹ́ ni pé ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ bá mi rò ó, ṣé ẹnì kan wà tó ti burú báyìí rí, tó sì padà dìde?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n mọ gbogbo wọn. Òun ló kọ ìdajì ohun tí ayé mọ̀ nípa wọn. Kò sí ẹyọ kan.

"Wọ́n pọ̀," ni ó wí.

Obìnrin náà na ọwọ́, ó ní kí wọ́n fún òun ní bírò.