Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lára Fẹ̀yìntọlá

Fẹ̀yìntọlá fi etí ìró nu ilẹ̀kùn rẹ̀, ó nù ún bí ẹni tó fẹ́ bó awọ ara ilẹ̀kùn náà. Àmì ṣọ́ọ̀kì ni, ilà méjì tó dábùú ara wọn, funfun báláú, níbi tí ojú èèyàn máa kọ́kọ́ bà. Ó lọ. Ó yíjú láti wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga. Nígbà tó máa fi gbójú sókè, àmì ti padà síbẹ̀, ó tiẹ̀ ti nípọn sí i.

Aago méje àárọ̀ ni. Oòrùn ti mú Gwagwalada. Kì í ṣe àsìkò iwin rárá, torí iwin wo ló máa jí ní aago méje, àfi èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ ìjọba?

Ó mọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀. Lánàá, lọ́sàn-án gangan, ẹnì kan kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ ohun tó gbé sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀: "Ìṣó méjì ló wà níbẹ̀. Mo sọ fún ẹ." Orúkọ tí ẹni náà fi sí i ni Ọlábímtán. Fẹ̀yìntọlá pa á rẹ́. Ó padà wá. Ó tún pa á rẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló pa á rẹ́ kó tó sùn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì ti nu ilẹ̀kùn láàárọ̀ yìí.

Ìyẹn ì bá jẹ́ ìyọlẹ́nu lásán. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọlábímtán, káfíńtà ará Abẹ́òkúta tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Kugbo, ọjà àwọn káfíńtà l'Ábújá, ti kú láti oṣù kẹrin. Fẹ̀yìntọlá wà níbi ìsìnkú. Ìrẹsì ibẹ̀ ò tiẹ̀ jinná.

Ìwádìí lórí àwọn káfíńtà Yorùbá tó wà l'Ábújá ló ń ṣe ní yunifásítì, ọdún karùn-ún rèé tó ti ń lé oyè ọ̀mọ̀wé kiri. Ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kì í ka nǹkan kan àfi tábìlì tó kún fún nọ́ńbà. Búlọ́ọ̀gì wá di ibi tí Fẹ̀yìntọlá ti ń mí. Ibẹ̀ ló ti ń kọ bí pákó tútù ṣe ń rùn, bí àwọn bàbá ṣe ń fi ìfági bú ara wọn láìla ẹnu. Òǹkàwé mọ́kànlá ló ní, ó sì mọ gbogbo wọn lórúkọ. Ìyá rẹ̀ n'Írágbìjí wà lára wọn, ìyẹn ò sì kọjá àwòrán rí. Nígbà kan, ọkùnrin kan láti Kàbà kọ̀wé pé ohun tó kọ mú òun gbọ́ òórùn ṣọ́ọ̀bù bàbá òun. Fẹ̀yìntọlá sunkún. Ó tẹ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, ó ń kí i láràárọ̀.

Ó kọ òfin kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀gì náà: "Mi ò ní pa ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni rẹ́. Tí ẹ bá mú mi níbi tí mo ti ṣì í, màá kọ ọ́ síta, màá sì dárúkọ ẹni tó mú mi." Kò ṣòro láti pa òfin mọ́ nígbà tó jẹ́ pé èèyàn mọ́kànlá péré ló ń kà á.

Ìgbà tó wá kọ "Bẹ́ẹ̀dì Tí Kò Ní Ìṣó" ni ayé yí padà. Ó kọ ọ́ pé Bàbá Ọlábímtán fi oríkèé pákó nìkan to bẹ́ẹ̀dì kan, láìlo ìṣó kan ṣoṣo. Ó fi àwòrán sí i, bẹ́ẹ̀dì náà ń dán, ó mọ́ tónítóní. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin èèyàn kà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwádìí kan ní Jabi, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún, ní kó wá bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì náà, aago méjì ọ̀sán òní. Tí inú wọn bá dùn sí i, iṣẹ́ ti dé nìyẹn: òun ni yóò máa kọ́ àwọn olùwádìí bí wọ́n ṣe ń kọ búlọ́ọ̀gì. Ó dìgbóṣe fún ọ̀gá onítábìlì.

Fóònù dún. Lydia ni, ọmọbìnrin tó ń ṣètò ìpàdé náà.

"Ẹ̀gbọ́n Fẹ̀yìn, ṣé ẹ ti múra? Àwọn àgbà ń béèrè yín o. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fojú rí bẹ́ẹ̀dì aláìníṣó yẹn."

"Kugbo ló wà, Lydia."

"Ẹ yà á ní fídíò kẹ́ ẹ tó máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ fi oríkèé ẹ̀ hàn dáadáa, kí àwọn aláìgbàgbọ́ panu mọ́."

Ó wọ bọ́ọ̀sì. Kò tíì jókòó gbóná tí ìyá kan fi fọwọ́ kàn án lẹ́yìn.

"Àǹtí, ṣé tíṣà ni yín? Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì fa nǹkan sí yín lẹ́yìn."

Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbọ̀n ọ́n. Eruku funfun mú kọ́ńdọ́kítọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. "Kai, hajiya," ló wí, kò sì wo ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó tún wọ̀ ọ́, ìyá ẹ̀yìn náà rí i pé àmì ti padà síbẹ̀. Ó kàn dìde, ó lọ jókòó síbòmíì. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún Fẹ̀yìntọlá pé wọ́n lè jọ wọ bọ́ọ̀sì kan náà.

Níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀ Nyanya tó máa gbé e dé Kugbo, ó ra àkàrà mẹ́rin. Ó tú ọ̀rá. Lórí àkàrà kẹta, ilà méjì dábùú ara wọn kedere, bí ẹni pé àkàrà náà ṣe ìdánwò, ó sì gba òdo. Ebi ń pa á. Ó dijú, ó jẹ ẹ́. Láti ìgbà náà ni ikùn rẹ̀ ti ń ṣe kàá, kàá, kàá, bí ẹni ń kọ̀wé sójú pátákó.

Kugbo ń dún bó ṣe máa ń dún. Ayùn ń ké, òòlù ń dá a lóhùn, àwọn àga tó kọjú sí títì jókòó bí ìjọ tí pásítọ̀ wọn pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí Fẹ̀yìntọlá ṣe ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, ayùn ibẹ̀ ń dákẹ́. Wọ́n á wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n á wo ara wọn. Tó bá kọjá tán, ayùn á tún bẹ̀rẹ̀.

Alfa Mukhtar, ará Ìwó, ló wà nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ọlábímtán. Ogún ọdún ló fi kun fáníìṣì sí ohun tí Bàbá bá kàn.

"Ẹ káàárọ̀ sà, Alfa."

"Káàárọ̀, ọmọ ìwé. Yípo kí n rí ẹ."

Ó yípo.

"Hẹn-ẹn. Kí lo nù?"

"Mi ò nu nǹkan kan, sà."

"Ṣọ́ọ̀kì ò mọ irọ́ pa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ yunifásítì lẹ mọ̀ ọ́n." Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kalẹ̀. "Gbọ́. Níbí, tó o bá rí àbùkù lára iṣẹ́ ẹnì kejì ẹ, o ò ní pariwo, o ò ní bú u lójú oníbàárà. Wàá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, wàá bá tìẹ lọ. Ẹni tó niṣẹ́ ò gbọdọ̀ nù ún àfi tó bá tún un ṣe. Tó bá kàn nù ún..." Ó tẹ́tí sí ikùn Fẹ̀yìntọlá. Kàá, kàá. "Òun náà á di iṣẹ́ tí wọ́n ń sàmì sí."

"Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo kan bẹ́ẹ̀dì, sà."

"Ta ló wá kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀dì náà wà ní kọ̀rọ̀, ẹni tó ní kí wọ́n kàn án ò wá gbé e mọ́, kò sì sẹ́ni mìíràn tó rà á. Àwọn tó fẹ́ ẹ á wò ó títí, wọ́n á sì lọ ra tẹlòmíì. Alfa na ìka sí oríkèé tó wà níbi ìrọ̀rí.

"Ibẹ̀ yẹn ni àmì wà. Bàbá fúnra ẹ̀ ló fi síbẹ̀, lójú tìẹ, lọ́jọ́ tó o wá gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀. Ìgbà tí mo máa fi ti mọ́ṣáláṣí dé, ẹnì kan ti nù ún. Mo ní kí Bàbá fi òmíì síbẹ̀. Ó ní rárá, pé ẹni tó nù ún ló máa dá a padà."

Fẹ̀yìntọlá gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. Ó ṣí i. Aṣọ ìnujú kan wà nísàlẹ̀ pátápátá, kò tíì fọ̀ ọ́ láti oṣù kẹta. Ó funfun lẹ́búlẹ́bú. Àmì náà fẹ́ ba àwòrán jẹ́ lọ́jọ́ náà ni. Ó kàn fi ìnujú gbá a lẹ́ẹ̀kan, ó ya fọ́tò. Ó mọ́ tónítóní.

Ó wá ohùn Bàbá lórí fóònù. Kò pẹ́ kó tó rí ibi tó ń wá. Ó ti mọ ibẹ̀ láti àná. Ká sòótọ́, ó ti mọ ibẹ̀ láti ọjọ́ tó kọ ọ́.

"Ìṣó méjì wà níbí, ọmọ mi," ni ohùn Bàbá wí, ó rọra ń bọ̀ bí ẹni tó wà lẹ́yìn pákó. "Ìyàwó tuntun ń retí bẹ́ẹ̀dì, mo kánjú. Ojú ń tì mí. Màá yọ wọ́n. Tó o bá ń kọ ọ́, kọ ìyẹn náà sí i."

Ohùn Fẹ̀yìntọlá dá a lóhùn tẹ̀ríntẹ̀rín: "Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, Bàbá. Ó dùn jù báyìí."

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀ lórí fóònù. Ìró kan ló kù, kàá, kàá, ṣọ́ọ̀kì lórí pákó. Ikùn Fẹ̀yìntọlá dákẹ́ kó lè gbọ́ ọ.

"O fẹ́ yìn ín ni, mo mọ̀," ni Alfa wí. "Ṣùgbọ́n kò bẹ̀ ẹ́ pé kó o yin òun."

Fẹ̀yìntọlá jókòó sórí ìtì pákó kan, aago ń lọ sí méjìlá. Kò pa ohun tó kọ rẹ́. Ó fa ilà la ibi tó ti sọ pé kò sí ìṣó, kí èèyàn ṣì lè rí i kà. Lókè rẹ̀, ó kọ déètì, ó kọ: "Mo ṣì í níbí, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í ni. Ìṣó méjì ló wà nínú bẹ́ẹ̀dì yìí. Bàbá Ọlábímtán ló mú mi. Ó sọ fún mi kó tó kú, ó tún sọ fún mi lánàá." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ó fẹ́ yọ ọ́. Ó fi sílẹ̀.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, Lydia pè.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ kọ síta yìí? Ẹ ò lè dúró kí aago méjì kọjá?"

"Kò ṣeé dúró, Lydia."

"Àwọn àgbà ní kẹ́ ẹ má wulẹ̀ dààmú ara yín mọ́." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló sọ fún yín lánàá?"

"Mi ò mọ̀. Ó ṣáà ń ka ohun tí mo ń kọ."

Alfa Mukhtar fa dúrọ́ọ̀ kan yọ. Ó mú ṣọ́ọ̀kì kékeré kan jáde, kò ju ìdajì ìka lọ. "Bàbá ní kí n bá òun tọ́jú ẹ̀ dè ọ́," ló wí. Fẹ̀yìntọlá gbà á. Ó tutù, bí ohun tó ti inú kànga jáde. Ó kúnlẹ̀ níbi ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀dì, ó fa ilà kan, ó fa ìkejì dábùú rẹ̀. Gbogbo ayùn Kugbo dákẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀.

Alfa wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Àmì náà ti lọ," ló wí, ó padà sídìí fáníìṣì.

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Gwagwalada, ó ṣí búlọ́ọ̀gì náà kó lè rí bí ibẹ̀ ṣe dahoro. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tó ń ka àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́wọ́lọ́wọ́ ní ẹnì kan. Ẹni náà ò sí lọ́dọ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó wà lórí ohun tó kọ́kọ́ kọ, ọdún márùn-ún sẹ́yìn, tí ìyá rẹ̀ pàápàá ò ṣí rí. Ó lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá níbẹ̀. Ó lọ sí ìkejì. Ó lọ sí ìkẹta. Ẹnikẹ́ni ò tíì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí ọ̀rọ̀ Fẹ̀yìntọlá rí.

Lábẹ́ ìkẹrin, kọ́mẹ́ǹtì kan wọlé lórúkọ Ọlábímtán: "Níbí náà."

Ó wo ilẹ̀. Àmì kékeré kan wà lórí bàtà rẹ̀, wọ́n fà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ní àkókò púpọ̀. Ó na ọwọ́ láti nù ún. Ó fà á sẹ́yìn. Ohun tó ti kọ jẹ́ méjìlélọ́gọ́ta. Ọdún márùn-ún ló fi gbàdúrà pé kí ẹnì kan kà wọ́n, kó kà wọ́n tán.

Ó sún mọ́ fèrèsé, ó fàyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ fún òǹkàwé náà, ó ṣí ìkẹrin, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti òkè, ó ń wá ibi tó ti ṣì í.